Ẹṣin Tí Kò Lójú

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ilé ìwé, tí òyìnbó ṣì ń jọba lórí wa, ọkùnrin kan wà tí mo kórìíra. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ má baà rò pé ìtàn ẹ̀rín ni mo fẹ́ sọ. Ọkùnrin náà ti kú tipẹ́. Wọ́n ní kí èèyàn má sọ̀rọ̀ òkú ní burúkú, àmọ́ mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn yẹn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọ̀tà ìgbà yẹn kì í ṣe Ọ̀tà tí ẹ ń wò yìí. Ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tò sí ní Ṣàngó, tí èéfín ń rú láti àárọ̀ dalẹ́, oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè ní Ìjòkó, àfi kó jí ní ìdájí kó máa rìn. Bàbá mi ni káfíńtà tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ilẹ̀kùn, àpótí, ibùsùn, bẹ́ńṣì, pósí, gbogbo rẹ̀ ló ń kàn. Ìdílé Mùsùlùmí ni wá, síbẹ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kì í gbé iṣẹ́ wọn kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí bí bàbá mi bá kan pákó méjì pọ̀, ẹ ò ní rí ibi tí èèrà máa gbà wọlé.

Mo wà lára àwọn ọmọbìnrin díẹ̀ tó ń lọ sí ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí nígbà náà. Lásìkò tí àwọn ṣójà ń darí bọ̀ láti Bọ́má, tíṣà tuntun kan dé bá wa. Ogun ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́, ó ń tiro díẹ̀. Ó ní òun pẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ṣójà ní Íńdíà, ibẹ̀ lòun sì ti kọ́ eré kan tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ó wá pinnu pé gbogbo ilé ìwé agbègbè wa ló máa kọ́ ọ, tí wọ́n á sì máa bá ara wọn díje lọ́dọọdún, bí wọ́n ṣe ń díje nínú eré sísá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi ní sùúrù kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Orí pátákó tí wọ́n pín sí yàrá kéékèèké, dúdú àti funfun, ni wọ́n ti ń ta á. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, ilé ìṣọ́ méjì àti ọmọ ogun mẹ́jọ. Bí o bá lé ọba ẹnìkejì rẹ tí kò sì ríbi sá sí mọ́, o ti borí. Àmọ́ bí ọba náà kò bá ríbi lọ, tí ìwọ náà kò sì lé e, tí kò ní ọmọ mìíràn tó lè gbé, ọ̀mì ni. Kò sẹ́ni tó borí. Tíṣà wa tẹnu mọ́ èyí títí ó fi sú wa, torí ó mọ̀ pé ọmọ ayò ni gbogbo wa. Nínú ayò, ẹni tó bá jẹ jù ló borí. Ó ní ká yọ ìyẹn kúrò lórí wa.

Ohun kejì tí ayò ti kọ́ wa ni ariwo. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnu ni ìdajì ayò. Ẹni tó ń wòran á máa bú ẹni tó ń ta, á máa pè é ní òpè, á máa nawọ́ sí ibi tó yẹ kó ti kó. Tíṣà ní ṣẹ́ẹ̀sì ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní bí olùwòran bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbi ìdíje, wọ́n á lé gbogbo ilé ìwé wa jáde. Ó bá wa wí, a ò gbọ́. Ó na pàṣán, a ò gbọ́. Ló bá ní kí á gbé ìkòkò omi wá sí kíláàsì. Láti ọjọ́ náà, ká tó jókòó ti pátákó, gbogbo wa, àwa tó ń ta àti àwa tó ń wò, á bu omi sẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú u tàbí kó gbé e mì títí eré á fi parí. Tíṣà alára á bu tiẹ̀. Ẹ bá wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa ṣe ń wú! Ṣùgbọ́n a dákẹ́.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni tíṣà gbé iṣẹ́ gbígbẹ́ àwọn ọmọ eré náà lọ, àpótí méjì, ọ̀kan fún wa, ọ̀kan fún ilé ìwé tó fẹ́ bá wa díje. Bàbá mi gbà, àmọ́ ó sọ ọ́ síta pé òun kì í gbẹ́ ère, ẹ̀sìn òun ò gbà á. Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí etí lára ohun tó gbẹ́. Ọba ga ju gbogbo wọn lọ, ó ní ìlà mẹ́ta yí ọrùn ká. Ayaba ní ìlà méjì. Ó gé orí bíṣọ́ọ̀bù wọlé díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ ọrùn ẹṣin síwájú díẹ̀, ó ṣe ilé ìṣọ́ ní kúkúrú, orí rẹ̀ sì tẹ́jú. Ó fi èédú àti àdín pa àwọn tó yẹ kó dúdú. Èmi ni mo fi ewé ìpín ha gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi ń dán. Ó tó kí n di ojú mi, kí n sì fi àtàǹpàkò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí a gbé àpótí kejì lọ, bàbá mi so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé mi sí iwájú, ó di ọ̀nà Ìjòkó. Ilé ìwé ìjọ kan wà lẹ́bàá rélùwéè nígbà náà, tí kò sí mọ́ báyìí. Hẹ́dímásítà ibẹ̀ ni ọkùnrin tí mo ń sọ. Ará Èkó ni, bàtà rẹ̀ ń dún lórí sìmẹ́ńtì kó o tó rí i. Bàbá mi jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ bàbá mi ṣí fìlà kí i.

“Ìwọ ni káfíńtà?” Bó ṣe kí wa nìyẹn.

Ó ṣí àpótí, ó mú ọ̀kan jáde, ó gbé e sókè. “Kí lèyí?”

“Ẹṣin ni, sà,” ni bàbá mi wí.

“Ẹṣin! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jáde wá wo ẹṣin Ọ̀tà. Ojú ẹ̀ dà? Etí ẹ̀ dà?”

Àwọn ọmọ ya jáde ní kíláàsì, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi rọra ṣàlàyé pé wọn kì í gbẹ́ ère nílé àwọn, pé ààmì lòun fi sí wọn lára, ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì á mọ̀ ọ́n.

“Má fi ẹ̀sìn bojú fún mi o. Ọwọ́ ẹ ni ò mọ̀ ọ́n. Igi ìdáná lo kó wá.”

Ó pe ìyá tó ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ ilé ìwé pé kó wá kó wọn sábẹ́ ìkòkò. Ìyá yẹn dúró, ó ń wo ilẹ̀. Hẹ́dímásítà bá gbé àpótí náà fúnra rẹ̀, ó sì dà á síná. Mo rí ọba bàbá mi níbi tó ti ń jó. Mo rí àwọn ẹṣin tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta ha. Bàbá mi ní, “Ẹ ṣé, sà. Ó dàbọ̀.” Kò gun kẹ̀kẹ́ náà padà. Ó ń tì í láti Ìjòkó títí a fi dé Ọ̀tà.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ṣáájú wa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń pe bàbá mi ní Bàbá Ẹṣin-ò-lójú. Àwọn ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ń bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìjọ kan tó ti ní kó wá kan bẹ́ńṣì fún àwọn gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí wọn ò tíì fi yín ṣe ẹlẹ́yà níbi iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ lè ní kí ló wà níbẹ̀. Bàbá mi ò bínú. Ó fi aṣọ di àwọn irin ìgbẹ́nà rẹ̀, ó gbé wọn sí àjà, ó ní ilẹ̀kùn àti ibùsùn ti tó òun í kàn. Èmi ni mo bínú. Mo búra pé màá gba orúkọ bàbá mi padà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni màá sì ti gbà á.

Ẹ ò rí bí mo ṣe kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì lọ́dún náà. Bí mo bá ń gún iyán, mò ń ta á lọ́kàn. Bí mo bá ń ka Kùránì níwájú àáfà, Ọlọ́run forí jì mí, mò ń ta á. Kò pẹ́ tí kò fi sí ọmọ tó lè dúró níwájú mi ní ilé ìwé wa, tíṣà nìkan ló kù, òun náà sì ti ń ronú pẹ́ kó tó gbé ọmọ kan.

Wọ́n fi ìdíje náà sí Ọ̀tà, ní gbọ̀ngàn kóòtù. Òyìnbó kan tó ń bojú tó ilé ìwé wá ṣe adájọ́. Àdéhùn ni pé ẹni tó bá gba àlejò ló máa tẹ́ pátákó, nítorí náà àpótí bàbá mi, èyí tó kù, la gbé jáde. Hẹ́dímásítà rí i, ó fò dìde. Ó ṣàròyé pọ̀ létí òyìnbó náà, òyìnbó ní òfin ni òfin. Inú bí i, ó wá yíjú sí gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, ó ní, “Ó dáa! Bí igi ìdáná yìí bá fi lè ṣẹ́gun ilé ìwé mi lónìí, orí mi yìí ni màá fi rù ú lọ sí ìsọ̀ ẹni tó gbẹ́ ẹ.”

Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Mo gbọ́ ọ, ara mi sì balẹ̀. Ohun tí mo ń wá gan-an ló ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Mo ti ń rí i tó ń bọ̀ láti òpópónà, àpótí lórí, bàtà rẹ̀ ń dún, tí bàbá mi á gbójú sókè níbi tó ti ń la pákó.

Ọmọ ilé ìwé mẹ́ta-mẹ́ta ni a mú wá. Ọ̀kan lára tiwa borí, ọ̀kan lára tiwọn borí. Ó wá ku èmi àti ọmọkùnrin hẹ́dímásítà fúnra rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ kan báyìí, ó wọ bàtà, ó sì ń nu ìka rẹ̀ lára ṣòkòtò. Àwọn ọmọ ilé ìwé wa ti bu omi sẹ́nu, tíṣà náà ti bu tiẹ̀. Ọmọ yẹn gbọ́n, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ohun tó lójú tó létí ló fi kọ́ eré náà. Òfin ṣẹ́ẹ̀sì sì ni pé èyí tí o bá ti fọwọ́ kàn, òun ni wàá gbé. Ó nawọ́ sí bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbé e. Ẹṣin yẹn ló sì ń ṣọ́ ayaba rẹ̀. Mo jẹ ayaba náà.

Láti ibẹ̀ lọ, ó ti parí. Ẹni tó bá mọ eré náà máa rí i pé ìgbésẹ̀ méjì péré ni mo fi jìnnà sí ìṣẹ́gun. Mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mo rí i kedere, mi ò sì ṣe é. Mo gbójú sókè, mo rí òógùn tó ń sàn lójú baba rẹ̀, ó dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ kó pẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ ẹṣin kan, mo wo hẹ́dímásítà. Mo jẹ ẹṣin kejì, mo tún wò ó. Mo jẹ ilé ìṣọ́ méjèèjì, mo jẹ bíṣọ́ọ̀bù, mo ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ mi bí ẹni tó kó ayò. Omijé ti ń bọ́ lójú ọmọkùnrin náà sórí pátákó. Mi ò dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, ọba rẹ̀ nìkan ló kù ní igun, pẹ̀lú ọmọ ogun kan ṣoṣo. Mo ní kò ní ṣẹ́ ku ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni màá jẹ. Mo nawọ́ mú ayaba mi.

Mo gbọ́ tí tíṣà ń lọgun nínú imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ yọ síta. Mo rò pé ayọ̀ ni. Mo fi ayaba jẹ ọmọ ogun náà.

Ọmọkùnrin yẹn wo pátákó títí. Ó wo òyìnbó. Òyìnbó tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó mi orí, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Hẹ́dímásítà ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó fún wa lọ́jọ́ yẹn. Ó dìde, ẹ̀rín bo ojú rẹ̀, ó sì kígbe pé, “Ọ̀mì ni!”

Ọba rẹ̀ ò ríbi lọ. Mi ò sì lé e. Kò ní ọmọ kankan tó lè gbé, torí pé mo ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Mo ta ṣẹ́ẹ̀sì bí ẹni tó ń ta ayò.

“Ọ̀mì kì í ṣe ìṣẹ́gun,” ni hẹ́dímásítà wí fún gbogbo ìlú. “Ẹ ò rí mi níbi tí mo ti ń ru igi.” Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ. Tíṣà tú omi ẹnu rẹ̀ jáde, kò bá mi wí. Ó kàn ní, “O ti borí, ìwọ ọmọ yìí. Kí lo tún ń wá?” Mo sáré délé, mo sì wólẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pákó lẹ́sẹ̀ bàbá mi, mo sunkún débi tí mo fi ń bì.

Bàbá mi bá mi nu ojú. Ó ní òun ti dárí ji ọkùnrin náà láti ojú ọ̀nà Ìjòkó, kí èmi náà dárí jì í. Mo ní, “Mo ti gbọ́, Bàbá.” Mo gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ nìkan ni mo gbọ́ ọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo ti di ọ̀dọ́bìnrin, ó ku díẹ̀ kí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀, nígbà tí ọmọkùnrin yẹn yọ sí ìsọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti ga. Okùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ta kókó sí níbi tí gígùn òkú mọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó ní hẹ́dímásítà ti kú. Ó ní, “Bàbá mi ló sọ ọ́ kí wọ́n tó dákẹ́, sà. Wọ́n ní pósí àwọn, ọwọ́ yín nìkan ni kó ti wá. Wọ́n ní kò sí káfíńtà míì.”

Bàbá mi kẹ́dùn, ó bu omi fún un. Èmi ò kẹ́dùn. Ẹnu tó fi bú bàbá mi níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé wà lára rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò fi tọrọ ẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí ẹnu fẹ́ pa dé ló tó mọ káfíńtà. Kí ló dé tí kò wá sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn kóòtù?

Bàbá mi gbé pákó tó dára jù nínú ìsọ̀ sílẹ̀. Ó tún gun àjà lọ, ó gbé irin ìgbẹ́nà tó ti dì láti ọjọ́ yìí wá, ó sì gbẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí pósí náà ká. Ó ní kí n fi ewé ìpín ha inú rẹ̀. Mo ha á. Ṣùgbọ́n ibi tí orí máa wà, mo fo ibẹ̀, mo fi í sílẹ̀ ní gbágungbàgun, tó jẹ́ pé bí o bá fọwọ́ rá a, ẹ̀gún igi á gún ọ. Bàbá mi dé, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí inú pósí láti ẹsẹ̀ títí dé orí. Ó dúró níbẹ̀. Ó wò mí. Ó mú ewé ìpín, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Parí ẹ̀.”

Mo parí rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá pẹ̀lú ọkàn mímọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà, mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá, mo sì wí sínú pé: igi bàbá mi tí o kọ̀ tí o kò rù, òun náà ló rù ọ́ lọ yìí. Ìgbà yẹn ni mo tó sun oorun ọ̀sán tó dùn.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Lóde òní, ṣẹ́ẹ̀sì ti wà ní ilé ìwé lọ́tùn-ún lósì, láti Ìyànà Ìyẹ̀sí dé Ìjòkó. Ike ni wọ́n fi ń ṣe àwọn ọmọ rẹ̀, ẹṣin wọn lójú, ó létí, ó tún ní eyín. Kò sẹ́ni tó ń bu omi sẹ́nu mọ́. Kóòṣì wọn á ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún bọ ara wọn lọ́wọ́ tí wọ́n bá parí, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ́gun á máa jẹ bisikíìtì pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ojú mi ń rí i, ó ń yà mí lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń bá ilé ìwé rẹ̀ díje. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn parí ẹ̀ nígbà tó ku ìgbésẹ̀ méjì?”

Mo ní, “Mi ò fẹ́ borí hẹ́dímásítà yẹn. Mo fẹ́ kó dùn ún ni.”

Ó ní, “Àmọ́ ọmọ ẹ̀ lẹ̀ ń bá ta, Màmá. Bàbá ọmọ náà kọ́ ló ń sunkún.”

Nígbà tiwa, ọmọdé kì í la ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà lójú. Mo ní kó dìde kúrò níwájú mi, kó lọ fọ abọ́. Ó dìde, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀ tèmi tìbínú, mò ń wá orúkọ ọmọkùnrin yẹn lọ́kàn mi, mi ò sì rí i. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kórìíra baba rẹ̀, mi ò bi í léèrè rí.